Ẹnu Àrọ Tí Táíwò Gbẹ́ Sínú Àpótí Mi

Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lórí tábìlì ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n lè rí ojú yín. Kì í ṣe pé orin inú rẹ̀ kò dùn. Ó dùn, òun gan-an ló ń bí mi nínú. Nǹkan tí kò tó búrẹ́dì kan, tí ẹ fi ń rìn kiri nínú àpò, tí ẹ kò kan ìṣó kankan sí, tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, ó sì ń kọrin kún ilé. Bí mo bá wò ó, ọkàn mi a máa ṣe bí ọkàn ìyálé tí wọ́n mú ìyàwó tuntun wọlé tọ̀. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi. Gbogbo pasta tí mo ti jẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé Itálì, kò sí èyí tó dúró síbẹ̀.

Nígbà tiwa, a kì í ra ohùn, ilé là ń kọ́ fún un. Wàá wá igi, wàá wọ̀n ọ́n, wàá gé e, wàá fi àtè lẹ̀ ẹ́, wàá jókòó tì í títí yóò fi gbẹ, kí o tó mọ̀ bóyá ohun tí yóò jáde níbẹ̀ jẹ́ orin tàbí ikọ́. Ìjọ wa kọ̀ọ̀kan, láti Torino dé Padova, láti Brescia dé Pordenone, ló ní ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ náà. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà fún àwọn akọrin, akanpótí, ẹni tó kan àpótí ohùn wọn, á jáde síwájú pẹ̀lú wọn, ìyẹ̀fun igi á sì wà lórí irun rẹ̀. Ẹni iyì ni. Lónìí, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù ni ẹ fi jókòó sídìí ohùn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń wá àkísà?

Torino ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nínú cantina kan lábẹ́ ilé alájà gíga, níbi tí àwọn ará ilé ń kó kẹ̀kẹ́ àti ìgò wáìnì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Porta Palazzo, ata àti iṣu lẹ ń bá lọ. Àwa, bí a bá ti jí ní àárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìn ọjà náà la máa ń gbà lọ, níbi tí àwọn àgbàlagbà òyìnbó ti ń tẹ́ ẹrù àlòkù sílẹ̀: aago tí kò rìn mọ́, bàtà ẹsẹ̀ kan, rédíò tí eku ti bímọ sínú rẹ̀. Bátìrì kékeré kan wà lápò mi nígbà gbogbo. Bí mo bá rí sípíkà kan, màá fi wáyà kan án mọ́ orí bátìrì náà. Bó bá dún "kẹ̀", tí awọ iwájú rẹ̀ sì ta síta díẹ̀, ó yè nìyẹn. Bó bá dákẹ́, màá dá a padà sórí aṣọ ẹlẹ́rù, màá sì tẹríba kí òkú. Ọkùnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ a máa pè mí ní dottore, dókítà. Ó ní bí mo ṣe ń dẹtí sí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, bí ẹni ń wá ọkàn aláìsàn ni.

Pákó wa ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ àpótí ìdọ̀tí la ti ń rí i. Bí òyìnbó kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ síta. Àwa á sì dúró dè é bí igún, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ara irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni àpótí àkọ́kọ́ tí mo kàn. Káńfọ̀ tí ìyá àgbà tó ni ín fi ń tọ́jú aṣọ òtútù ti wọ inú igi náà lọ. Bí wúfà, sípíkà ńlá inú rẹ̀, bá ti ń lu, tí afẹ́fẹ́ ń jáde lójú ihò ìsàlẹ̀ àpótí, òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, bí ẹ bá gbé káńfọ̀ síwájú wọn lónìí, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Signora kan, ìyá òyìnbó kan, ń gbé lókè cantina mi. Bí mo bá ti ń dán ohùn wò, yóò fi igi ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ ilé rẹ̀, gbì, gbì, gbì. Èmi náà á dín ohùn kù. Ní ọjọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ tọ̀ mí wá fúnra rẹ̀, mo ti ń to àwíjàre mi jọ lẹ́nu, àfi bó ṣe gbé rédíò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé sí mi lọ́wọ́ pé kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun wò ó. Láti ọjọ́ náà, bó bá lu ilẹ̀, mo mọ̀ pé kọfí ti hó nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ki ohùn bọ inú etí yín báyìí, ta ni yóò lu ilẹ̀ fún yín?

Mo fẹ́ sọ ti twítà kí n tó gbàgbé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. Nínú àpótí kan, wúfà ni bàbá. Òun ló ń sọ ohùn ńlá. Twítà ni kékeré orí òkè; òun ló ń sọ ohùn tín-ín-rín, òun ló sì ń fún ọ̀rọ̀ ní eyín. Bí twítà kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, wàá gbọ́ pé ẹnìkan ń kọrin, ṣùgbọ́n o kò ní mọ ohun tó ń wí. Ọ̀rọ̀ á máa rọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí àmàlà.

Àwa mọ èyí. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé twítà kì í ṣe nǹkan tí à ń kó jọ. A rò pé bí ọ̀kan bá dára, mẹ́ta á dára jù, ó sì di ìdíje láàárín àwọn ìjọ. Bí Brescia bá gbé àpótí olójú twítà méjì wá sí ìpàdé, Padova á gbé olójú mẹ́ta lọ. Àwọn ìyá á máa kà wọ́n lójú kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Tiwa ló pọ̀ jù." Aṣọ tí a fi ń bo iwájú àpótí, ìyàwó akanpótí ló máa ń yàn án. Tèmi yan àdìrẹ aláró, ó sì gé ojú sí i níbi twítà kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ayé lè rí wọn.

Ní ọjọ́ Ìkórè kan ní Torino, arákùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbàgbé láti fi kapásítọ̀ sí ojú wáyà twítà. Kapásítọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà; òun ni kì í jẹ́ kí ohùn ńlá wọlé tọ ọmọ kékeré yẹn. Bí a ṣe wọ inú ìyìn, tí onílù tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìlù ńlá, èéfín funfun rú jáde lórí àpótí. Ìyá kan níwájú wólẹ̀. Ó ní ògo ti sọ̀kalẹ̀. A kò lè sọ fún un pé twítà ló jóná, torí gbogbo ìlà iwájú ti wólẹ̀ tẹ̀ lé e, ọrẹ ọjọ́ náà sì dára gan-an. Pásítọ̀ wò mí, èmi náà wo òkè.

Lẹ́yìn náà ni mo kó wá sí Padova, nítorí iṣẹ́. Ìjọ wa gba capannone kan, ilé ìkẹ́rùsí ńlá, ní zona industriale, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, láàárín ilé iṣẹ́ táyà àti ibi tí wọ́n ti ń to páálí ẹrù. Òrùlé gíga, ògiri sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ tútù. Ohùn tó bá jáde níbẹ̀, ó di kó lọ kí gbogbo ògiri kó tó padà wá. Mo kan àpótí ńlá méjì fún wọn, olójú mẹ́ta, tó ga dé èjìká mi. Ẹni tó ń darí orin ni Àbẹ̀kẹ́, ìyá Dámi, aya mi.

Ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà náà. Èyí tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ọmọ ohùn yẹn ni. Ohùn rẹ̀ nígbà náà dà bí oyin tí a rọ láti òkè, tí kì í já. Èmi a sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ańpú, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ohùn sókè, màá máa wò ó, màá máa wo àpótí mi, màá ní nínú ọkàn mi pé ohun méjì tí mo ní láyé ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ yìí.

Àṣé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jà ni.

Dámi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó jókòó sí àárín lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó sún ìjókòó kan sí ọ̀tún, ó tún sún padà sí òsì, ó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. "Papà, di là si capisce, di qua no," ó ní. Ọ̀hún a gbọ́, ibí a kò gbọ́. Mo ní kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Twítà mẹ́ta tó jìnnà síra ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n sì ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ ní ojú ọ̀nà. Ẹni tó jókòó síbi tí wọ́n ti pàdé ara wọn ní ire, á gbọ́ ọ̀rọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ á gbọ́ ariwo. Àbẹ̀kẹ́ ń rí ojú àwọn èèyàn láti orí pẹpẹ, ó rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ń pariwo. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń pariwo. Ní Mọ́ńdè, ọwọ́ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀. Ó ní nǹkan kan ti ń hù níbẹ̀ bí èépá ẹsẹ̀, nítorí ariwo. Bó bá ń bá a lọ báyìí, ohùn náà kò ní padà. Kó máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí kó dákẹ́.

Pásítọ̀ pè wá. Ó fi sùúrù sọ ọ́, ó ní bó bá rẹ ìyá Dámi, ẹlòmíràn lè gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó di Àjíǹde. Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà sílé, Àbẹ̀kẹ́ kọjú sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé bí ó bá gbé orin yẹn fún ẹlòmíràn, nǹkan kan nínú ilé wa yóò kú tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé síta.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìpàdé gbogbo ìjọ bọ́ sí Reggio Emilia, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò ilé ìdúró rélùwéè. Àṣà kan wà tí ẹ kò bá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ èrò tó dé, gbogbo ìjọ tó gbé àpótí wá á tò wọ́n síwájú. A óò wá ìyá àgbàlagbà kan, a óò fi í jókòó sí àga tó kẹ́yìn pátápátá. Ìyá Àga Ìkẹyìn là ń pè é. Lọ́dún yẹn, ìyá arúgbó kan tó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Reggio ló jókòó. Akọrin kan náà á dúró sídìí àpótí kọ̀ọ̀kan, á kọ orin tí ìyá náà kò gbọ́ rí. Ohun tí ìyá bá gbọ́, òun ni yóò tún sọ. Àpótí tó bá gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìfọ́ ni a óò lò fún ìpàdé. Kò sí ìwé, kò sí máàkì. Ẹnu arúgbó ni adájọ́.

Nígbà tó kan àpótí mi, ìyá náà na ọrùn. Akọrin parí. Wọ́n ní, "Ìyá, kí lẹ gbọ́?"

Ìyá náà ronú. Ó ní, "Mo gbọ́ pé inú rẹ̀ dùn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín náà. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà ní ibì kan nínú ọ̀fun mi, kò tíì sọ̀kalẹ̀.

Ẹni tó tẹ̀ lé mi ni Táíwò. Ọmọkùnrin kan ni láti Pordenone, ó ń ṣiṣẹ́ ní fabbrica, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga àti tábìlì, mo sì tó bí i lọ́mọ. Ó fín lọ́fínńdà bí ẹni ń lọ fẹ́ ìyàwó. Àpótí rẹ̀ kò ga ju ìbàdí mi lọ. Twítà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, kò tilẹ̀ jókòó síta bí tiwa. Ó wà nínú kòtò kan tó ń dán, igi tí a gbẹ́ bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo, tó fẹ̀ níwájú, tó fún lẹ́yìn, tí twítà jókòó sí ìdí rẹ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ṣé ìjọ Pordenone kò rówó ra twítà kejì ni?" Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn.

Akọrin kọrin. Ìyá Àga Ìkẹyìn kò na ọrùn. Kí wọ́n tó bi í, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin náà sọ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ó sì fi kún un pé ọmọ tó ń kọrin náà ní kátá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo tó mọ ìwúwo rẹ̀. Táíwò wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tó gbówó lórí. "Ẹ̀gbọ́n, wúfà yín ń dún o," ó ní. Ó tún ní ọ̀wọ̀. Ìwà rẹ̀ kò jẹ́ kí n rí ibi tí màá gbé ìbínú mi kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, ó ń súfèé, mo sì rí i pé ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́. Mo kórìíra súfèé náà. Mo ṣì kórìíra rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé, wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́ kó kọ ẹsẹ orin kan. Inú àpótí Táíwò ló kọrin sí. Kò pariwo. Ó kàn la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì rìn jáde láti inú igi ọkùnrin mìíràn, ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo èèyàn. Ojú rẹ̀ tú ká. N kò tíì rí ojú yẹn láti ìgbà pípẹ́, àpótí mi kọ́ ló sì fún un.

Nígbà tí a padà sí Padova, mo wọnú capannone lọ, mo fi twítà kẹrin kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí owú bá ń jẹ, iṣu tó jóná ló tún máa ń dá padà sínú iná. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbẹ̀kẹ́ dán an wò, ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀.

"Bàbá Dámi," ó ní, ohùn rẹ̀ ń há, "ẹ pe ọmọkùnrin Pordenone yẹn."

Mo ní a kò kúkú lè máa gbé àpótí ẹlòmíràn káàkiri. Ó ní òun kò ní kí ó gbé àpótí wá. Kó wá gbẹ́ ẹnu àrọ rẹ̀ sínú tiwa ni. Mo sọ fún un pé ọmọ tí mo bí, n kì í gbé e fún ẹlòmíràn kọ ilà fún. Ó wò mí títí.

"Ṣé àpótí lẹ ń jowú, àbí èmi?"

"Méjèèjì," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá ikọ́ sílẹ̀, ikọ́ náà kò sì tètè tán. Ìgbà tó tán, ó ní, "Ẹ jowú mi dáadáa nígbà náà. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ń pa mí lẹ́nu dé." Mo lọ sí bàlíkónì, mo tẹ nọ́ńbà Táíwò.

Ó dé ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, nínú furgone, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tó yá. Ẹnu àrọ méjì ló gbé sílẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọdé dì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, torí ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ kò sí mọ́. Àjẹkù pákó multistrato, èyí tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, ló kó jọ ní fabbrica rẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ó gé wọn ní òrùka-òrùka, ọ̀kan kéré sí èkejì díẹ̀, ó fi àtè lẹ̀ wọ́n lé ara wọn bí àwo tí a tò. Lẹ́yìn náà ló fi ìfági àti sáńpépà lá inú rẹ̀ títí gbogbo àkàbà náà fi di ẹyọ kan, tó ń dán bí inú igbá. Ó pa ojú rẹ̀ dé, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ yí inú rẹ̀ po fún mi láti fi hàn pé kò sí kókó kankan. Mo fi tèmi náà yí i po. Mo ń wá kókó, mo ń gbàdúrà pé kí n rí kókó. N kò rí.

Ó yí àpótí mi ká, ó fi ìka kan igi rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, igi yìí kò mì rárá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń de igi o." Ó wo iwájú, ó mirí. "Ṣùgbọ́n àwọn twítà yìí, ẹ kó wọn jọ bí ẹyin sábẹ́ adìẹ."

"Ìwọ náà gbé àrọ wá. Ṣé epo la fẹ́ rọ ni?"

"Ohùn ìyàwó yín la fẹ́ rọ. Ẹ má jẹ́ kó dà sílẹ̀."

Ó mú ayùn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá máa la inú ọmọ mi, èmi ni màá mú ọ̀bẹ. Kò jiyàn. Ó fa ìlà róbótó, ó di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi sì gé. Ìyẹ̀fun igi bò wá. A fi pákó dí ojú twítà tó kù, a fi àtè kùn ún. Àwọn ègé àdìrẹ aya mi wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A ki ẹnu àrọ bọ ihò. Ó wọlé bí ẹni wọ bàtà rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìdí rẹ̀ jìn sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kí twítà àti wúfà lè jọ wà ní ẹsẹ̀ kan náà. "Tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ń jáde nílé," ó ní, "ṣùgbọ́n wọn kì í jọ dé ọjà."

Ó ku bóòtù tí a óò fi dè é láti inú. Ọwọ́ Táíwò tóbi, kò gba ihò wúfà kọjá. Ó gbìyànjú títí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọwọ́ tèmi tí kò lẹ́ran ló wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ náà, àgbàlagbà ló wọ kèrègbè. Mo de bóòtù náà nínú òkùnkùn àpótí mi. Mi ò parọ́, inú mi dùn pé ó bó lọ́wọ́.

Ní Àjíǹde, capannone kún dé ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́ wọ aṣọ funfun. Táíwò jókòó ní àárín, àwọn ìyá ti fún un ní àga tó dára. Èmi dúró sídìí ańpú.

Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kì í mọ ohun tí à ń kọ, ètè wọn ń bá a lọ. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé. Ọ̀fun rẹ̀ kò le, iṣan ọrùn rẹ̀ kò yọ. Mo rí i pé kò ní gbé orin náà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ kìíní parí. Kó tó mú èkejì, ó mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bóyá ẹ kò ní mọ ohun tí mo ń wí. Èémí kékeré kan wà tí obìnrin yẹn máa ń fà, ó ń fún díẹ̀ ní ìparí, bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan tó sì fi í pamọ́. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ, lórí ìrọ̀rí, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ó wà. N kò rò pé ohun tí a ń sọ ni. Ó jáde báyìí nínú àpótí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, láti ẹnu tí mo fi ọwọ́ ara mi gé, ó lọ bá òṣìṣẹ́ táyà, ó lọ bá àwọn ìyá, ó lọ bá àwọn ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà, ó lọ bá Táíwò lórí àga rẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tilẹ̀ fi ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ohùn ọmọ yìí dùn ún gbọ́ o."

Ọwọ́ mi wà lórí ańpú. Mo lè dín in kù. N kò dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí owú tí mo ti jẹ rí láyé, ti Táíwò àti súfèé rẹ̀, tó jọ èyí.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn èèyàn yí Táíwò ká, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́ gba àárín wọn kọjá wá sọ́dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ ń tàn.

"Bàbá Dámi, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ," ni mo wí.

Ó wò mí, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ohùn mi. "Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ń kan àpótí fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn?"

Afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí. Mo mú sciarpa rẹ̀, aṣọ ìwérùn rẹ̀, lórí àga, mo wé e mọ́ ọn lọ́rùn, mo tún wé e, títí ó fi dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní ooru ń mú òun. Mo ní kó fi í bẹ́ẹ̀ títí a ó fi délé.